Koulouba méjì: Ibo ni ìròyìn Ouahigouya gbà lọ lẹ́yìn 1932?

Bí ẹ bá sọ fún awakọ̀ ní Ouagadougou pé Koulouba lẹ̀ ń lọ, àdúgbò tí ààfin ààrẹ wà kí ìjọba tó kó lọ sí Kosyam ló máa gbé yín lọ. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní Bamako, òkè tí ààfin ààrẹ Mali wà ni.

Fún ẹni tó ń wá ìwé ìjọba àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà.

Ọdún 1919 ni Faransé dá Haute-Volta sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1932, wọ́n tú u ká. Ouagadougou di ti Côte d'Ivoire, Dori àti Fada N'Gourma di ti Niger, Ouahigouya sì bọ́ sọ́wọ́ Soudan, ìyẹn Mali òde òní. Ó di 1947 kí wọ́n tó dá a padà.

Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, Koulouba ni ìròyìn láti Ouahigouya ń lọ, àmọ́ Koulouba ti Bamako ni, níbi tí gómìnà Soudan wà. Ẹni tó bá ń wá àkọsílẹ̀ owó orí tàbí iṣẹ́ ipá tí wọ́n fi bàbá bàbá rẹ̀ ṣe ní 1938 lábẹ́ orúkọ Haute-Volta, òfo ló máa bá. Kò sí Haute-Volta lọ́dún náà.

Ní Dakar, níbi tí Faransé ti dá ilé àkójọ ìwé fún gbogbo agbègbè náà sílẹ̀ ní 1913, lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń to ìwé. 2G ni ìròyìn tí wọ́n ń kọ lóòrèkóòrè, ọdún ló tẹ̀ lé e: 2G32 ni ti 1932. Ẹ ò ní tú gbogbo yàrá kí ẹ tó rí i.

Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní 1972, Rudolf Bayer àti Edward McCreight gbé àlàyé B-tree jáde, atọ́ka tó ya ẹ̀ka bí igi. Bí ojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá pín sí ọgọ́rùn-ún, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ti tó láti rí ìwé kan nínú mílíọ̀nù kan.

Àmọ́ atọ́ka ò mọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ lọ. Táíwò mélòó ló wà n'Íbàdàn? Ìdí rèé tí NIN fi jẹ́ nọ́ńbà, tí kì í ṣe orúkọ.

Láti 1984 tí orúkọ orílẹ̀-èdè náà ti di Burkina Faso, orúkọ tí èèyàn lè fi wá ìwé kan náà tún ti lé sí i. Ẹni tó ń wá ìwé Ouahigouya ti 1938, kó béèrè Soudan, kó sì sọ Koulouba tó ní lọ́kàn.