Àjèjì Tó Wọṣọ Ọba

Ọdún 2007 ni fíìmù Hot Fuzz jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Edgar Wright ló darí rẹ̀. Simon Pegg ló ṣe Nicholas Angel, ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù tó mọ iṣẹ́ dé ibi pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbé e lọ sí abúlé Sandford kó má baà máa dójú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó débẹ̀, ó mú ọkùnrin kan tó mutí yó tó fẹ́ wakọ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ òun ni, ọmọ ọ̀gá àgọ́ sì tún ni.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ibi tí Angel ti lọ bá àgbẹ̀ arúgbó kan. Gẹ̀ẹ́sì oko tí bàbá náà ń sọ kò yé e rárá, ni ọlọ́pàá àgbà kan bá ń túmọ̀ rẹ̀. Ti ọlọ́pàá yẹn náà kò yé e, ẹlòmíràn ló tún ń túmọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni lọ́hùn-ún. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ètò ìjọba ni.

Nígbà tí Robert Peel dá ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní 1829, aṣọ búlúù ni wọ́n wọ̀ fún wọn kí ará ìlú má baà pè wọ́n ní sójà, kóńdó ni wọ́n sì kó lé wọn lọ́wọ́. Orúkọ tí Yorùbá ń pè wọ́n, ọlọ́pàá, bá irú ìyẹn mu. Ṣùgbọ́n ti Ireland ni wọ́n kó wá fún wa: ọlọ́pàá tó ń gbébọn, tó ń gbé bárékè, tí wọn kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní agbègbè tí wọ́n bí i sí. Ní Èkó, Haúsá ni John Glover kó jọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹrú tó sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣàánú? Ní 1873 ó kó nínú wọn lọ sí Gold Coast nítorí ogun Aṣante. Ní 1879 ni wọ́n dá Hausa Constabulary sílẹ̀. Ní 1893, Denton tó ń delé fún gómìnà kọ̀wé pé àǹfààní ńlá ni pé wọn kò bá ará ilẹ̀ yìí tan, wọn kò sì jọ ṣe ẹ̀sìn kan náà.

Ibẹ̀ ni àwa tí a ń fẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ máa ń dá ìtàn náà dúró sí. Fíìmù yìí kò dá a dúró síbẹ̀. Ọ̀gá àgọ́ Sandford, ọmọ ìlú gidi, àti àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ló ń pa èèyàn ní bòókẹ́lẹ́ kí abúlé wọn lè máa gba ẹ̀bùn abúlé tó dára jù. Gbogbo wọn mọra, kò sẹ́ni tó bèèrè, àfi àjèjì.

Àwa náà ti ní irú rẹ̀. Akódà ọmọ ìlú ni, ó gbédè, ó mọ agboolé. Síbẹ̀ àwọn olóṣèlú Ìjọba Olómìnira Kìíní fi wọ́n fìyà jẹ alátakò, ìjọba ológun tó dé ní 1966 sì fòpin sí wọn. Òfin 1999, abala 214, kò gba ọlọ́pàá méjì láyè, ìdí nìyẹn tí Àmọ̀tẹ́kùn ọdún 2020 kò fi lè pe ara rẹ̀ ní ọlọ́pàá. Lójú tèmi, kí ẹni tó ń rìn ládùúgbò jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò ti ibòmíràn wá.

Nígbà tí fíìmù ń parí lọ, Lọ́ńdọ̀nù ní kí Angel padà wá. Ó kọ̀, ó dúró sí Sandford. Lọ́dọ̀ wa, ìwé tiransífà ìbá ti dé kó tó mọ ọ̀nà ọjà.