Òkúta, Ìwé àti Oríkì: Wíwá Ìtàn Ìdílé ní Agbègbè Costain àti Èbúté Mẹ́ta

Ìfáárà

Bí a bá dúró sí ìkóríta Costain, níbi tí ọ̀nà Surulere, ti Èbúté Mẹ́ta, ti Apápá àti ti Afárá Èkó ti ń pàdé, a kò ní rí ohun kan tí ó jọ ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìdílé. Orúkọ ibẹ̀ pàápàá kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó tẹ ìlú dó. Orúkọ ilé-iṣẹ́ àwọn akọ́lé láti Ìlú Ọba ni. Costain kò ní oríkì, a kò sì gbọ́ rí pé a ki ẹnikẹ́ni ní ọmọ Costain. Síbẹ̀, àwọn tí ń gbé àyíká ibẹ̀ ní bàbá, àwọn bàbá wọn náà sì ní bàbá tí wọ́n kú sí ibì kan. Níbo ni a sin wọ́n sí? Ta ni ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ni ó sì kọ nípa wọn?

Ìbéèrè wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ ni pé ní agbègbè yìí, òkúta orí sàréè, ìwé ìjọ àti oríkì kì í sábà sọ ohun kan náà. Ibi tí wọ́n ti tako ara wọn gan-an ni ó yẹ kí olùwádìí jókòó sí, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń bá ohun tí ìdílé kò fẹ́ kí a mọ̀ pàdé. A ó fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìdílé tèmi ni.

Àwọn onílẹ̀ àti àwọn tí ó dé bá wọn

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, abẹ́ àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun, ni ilẹ̀ yìí wà. A mọ Ọlọ́tọ̀ mọ́ Ọ̀tọ̀ àti Èbúté Mẹ́ta, a sì mọ Ọjọrà mọ́ Ìjọrà àti Igánmú. Irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ kò nílò itẹ́ òkú kí wọ́n tó fi ẹ̀rí hàn. Inú ilé ni Yorùbá ń sin àgbà sí, ojú oórì sì ni ìwé ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá lè tọ́ka sí ilẹ̀ ìyẹ̀wù pé bàbá wa nì yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ro ẹjọ́ rẹ̀ tán. Nígbà tí ìjọba àmúnisìn gba ilẹ̀ ní Apápá ní ọdún 1913, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, pe ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ́nù, tí ó dá a láre ní ọdún 1921. Ìwé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kún fún ìtàn ìdílé, nítorí pé àwọn àgbà búra níbẹ̀ kí wọ́n tó ka orúkọ àwọn baba wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń du ilẹ̀ kì í ka ìtàn lásán. Kí olùwádìí fi èyí sọ́kàn.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ Èbúté Mẹ́ta kì í ṣe onílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni wọ́n fọ́ ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere àti ilé ìjọsìn ní Abẹ́òkúta, ìṣẹ̀lẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé. Ọ̀pọ̀ Kristẹni sá wá sí Èkó, John Hawley Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Lẹ́yìn wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè dé, nígbà tí iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1890. Láti ọdún 1955 ni ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ènìyàn kúrò ní àárín Erékùṣù lọ sí Surulere. Gbogbo àwọn wọ̀nyí fi ojú oórì àwọn baba wọn sílẹ̀ ní ibòmíràn. Òkú tiwọn kò sì wọ inú ilé mọ́, nítorí pé òfin àmúnisìn ti ní kí a máa gbé e lọ sí itẹ́ òkú.

Itẹ́ òkú

Ẹni tí ó bá rò pé itẹ́ òkú ń ka gbogbo ènìyàn yóò ṣìnà. Owó ni ń ra òkúta. Bí a bá rìn nínú itẹ́ òkú Àtàn ní Yábà, a ó rí i pé àwọn sàréè ọmọ ogun tí àjọ Commonwealth ń tọ́jú dọ́gba, a sì kọ wọ́n létòlétò. Sàréè àwọn ará ìlú kò rí bẹ́ẹ̀: òmíràn ní mábù àti àwòrán áńgẹ́lì, òmíràn ní sìmẹ́ńtì tí a fi ìṣó kọ orúkọ sí kí ó tó gbẹ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò sì ní nǹkan kan. Àwọn Mùsùlùmí ní tiwọn kì í sábà fi ohun ńlá sí orí sàréè, nítorí náà ẹni tí ó bá ń ka òkúta nìkan yóò rò pé wọn kò gbé ìlú náà rí. Àwọn obìnrin pẹ̀lú: ìyá lágbájá ni òkúta sábà máa ń pè wọ́n, orúkọ tí ìyá tiwọn sọ wọ́n kì í sí níbẹ̀.

Òkúta pàápàá kì í wà títí. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí lẹ́yìn tí ó kú ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1891. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun pa itẹ́ òkú náà rẹ́. Wọ́n gbé egungun Crowther lọ sí Kàtídírà Marina. Ẹni tí kì í ṣe Crowther ńkọ́?

Ìwé ìjọba, ìwé ìjọ

Ní ọdún 1863 ni ìjọba Èkó kọ́kọ́ ṣe òfin pé kí a máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀, ṣùgbọ́n Erékùṣù Èkó nìkan ni òfin náà dé. Ó di ọdún 1892 kí ó tó dé Èbúté Mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò yìí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùwádìí ni ó ti fi àkókò ṣòfò nítorí rẹ̀: láti ìgbà tí àwọn asáwá Ìfọ́lé ti dó títí di ìgbà tí òfin bá wọn níbẹ̀ jẹ́ ọdún 25. Ẹni tí a bí tàbí tí ó kú ní Èbúté Mẹ́ta láàárín ọdún wọ̀nyí, ìwé ìjọ nìkan ni a ti lè rí i, bí ó bá jẹ́ onígbàgbọ́.

Ìwé ìjọ sì ní ìwà tirẹ̀. Ìlànà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi pín in. Ìwé ìsìnkú ń béèrè orúkọ, ibùgbé, ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ orí àti àlùfáà tí ó sin òkú. Kò béèrè pé ọmọ ta ni ọ́, kò sì béèrè pé níbo ni o ti wá, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè méjì tí Yorùbá kọ́kọ́ ń bi àlejò nì yí. Ìwé ìsàmì sàn díẹ̀, nítorí pé ó ní ààyè fún orúkọ òbí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni a sàmì fún, akọ̀wé a máa kọ “àgbàlagbà” sí ààyè náà, a sì tẹ̀ síwájú. Bàbá àti ìyá olúwarẹ̀, tí wọn kì í ṣe onígbàgbọ́, ti pòórá nìyẹn.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Freetown, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí a gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, ìwé wọn sọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara, ṣùgbọ́n kò sọ ilé. Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Àwọn ènìyàn tí ó rántí ni ó so wọ́n pọ̀. Ìwé kò lọ́wọ́ sí i.

Orúkọ tún jẹ́ ìṣòro mìíràn. David Brown Vincent di Mojọlá Agbebí ní ọdún 1894; ẹni tí kò bá mọ èyí yóò ka ẹnì kan sí ènìyàn méjì. Àwọn mìíràn gba orúkọ ẹni tí ó tọ́ wọn, tàbí ti ẹni tí ó ni wọ́n. Kò yẹ kí a fojú fo gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí.

Mo lè mẹ́nu kan àwọn ìwé mìíràn kíá: àlímánáàkì tí Ọ̀túnba Payne ń tẹ̀ láti ọdún 1874, ìwé ìròyìn Akede Eko tí I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1928, àti ìwé ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, tí wọ́n ń kọ owó ìsìnkú sílẹ̀. Nínú ìwé owó ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jù. Akápò kì í ṣe àpọ́nlé fún òkú. Ohun tí a san ni ó ń kọ.

Ìdílé kan

Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa ni pé ọmọ Ẹ̀gbá Aké ni bàbá ńlá wa, pé ó wà lára àwọn Kristẹni tí ó sá fún Ìfọ́lé, pé Bíbélì ni ó rù lórí wá sí Èkó. Òkúta orí sàréè rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ní rélùwéè gbé kalẹ̀, jẹ́rìí sí i: ọmọ Aké, ẹni 110 ọdún, ó sùn ní ọdún 1931. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ń mú wa lọ fọ òkúta yìí ní ọdọọdún.

Nínú ìwé ìsàmì ìjọ wa ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé nǹkan kan kò tọ́. Ọdún 1876 ni a sàmì fún un, ẹni nǹkan bí 30 ọdún. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, kò ju ẹni ọdún 85 lọ púpọ̀ nígbà tí ó kú. Ṣíṣe àfikún ọjọ́ orí òkú kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ẹ̀yẹ ni. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn Ìfọ́lé ni ó tó di Kristẹni. Ní ààyè òbí, “àgbàlagbà” ni a kọ. Ní ààyè iṣẹ́, alágbàṣe. Ní ààyè ibùgbé, a kọ orúkọ Sàró kan tí ó jẹ́ ọmọ Aké, tí ó ní ilé ní Èbúté Mẹ́ta. Orúkọ Sàró náà ni àpèlé tí gbogbo wa ń jẹ́ títí di òní.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí kò mọ̀wé, ni ó fi ẹ̀rí kẹta lé e láìmọ̀. Nígbàkigbà tí ó bá ń kí ọmọkùnrin ilé wa, oríkì Oníkòyí ni ó ń kì. Ìkòyí kì í ṣe ìlú Ẹ̀gbá. Ọ̀kan nínú àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni, tí ogun fọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Oríkì náà wà lára àwọn tí Adébóyè Babalọlá kó jọ sínú Àwọn Oríkì Orílẹ̀ ní ọdún 1967. Mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin màmá, ṣé Ẹ̀gbá a máa jẹ́ Oníkòyí?” Wọ́n ní bí ìyá wọn ṣe kì í ni àwọn ṣe ń kì í.

Oríkì nìkan kò tó láti dájọ́. Ó lè ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Ó sì lè jẹ́ pé bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé, tí wọ́n rí ààbò ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì di ọmọ ibẹ̀ láìsí ẹ̀gbin kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo to ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìyẹn ibùgbé, àpèlé àti oríkì, ohun tí mo fara mọ́ jù ni pé ẹni tí ogun kó ni bàbá ńlá wa, tàbí ọmọ ẹni tí ogun kó, àti pé agbo ilé Sàró yìí ni ó bá dé Èkó. A gbà pé ó ru ẹrù láti Abẹ́òkúta. Ẹrù ta ni?

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ẹbí, olórí ẹbí ní kí n má kọ ọ́. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ti ìtìjú nìkan. A ní ìpín nínú agbo ilé kan ní Aké, a ń lọ síbẹ̀ fún ọdún, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè wá ní ọmọ bàbá. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìwé tí mo rí sàn ju ibi tí a ń jókòó sí lọ. N kò rí ìdáhùn fún wọn lọ́jọ́ náà. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé mo lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n yọ orúkọ kúrò, èyí tí mo ṣe níhìn-ín.

Òkúta náà kò sí mọ́. Nígbà tí mo padà lọ fi ìwé wé e, sàréè tuntun ni mo bá níbẹ̀, wọ́n ti ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Àwòrán kan tí bàbá mi yà níwájú rẹ̀, tí a kò fi rí ìlà tí ó gbẹ̀yìn, ni ó ṣẹ́kù. Ìwé ìsàmì ṣì wà, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ etí rẹ̀, omi òjò sì ti kan àwọn ojú ewé kan. Àlùfáà ìjọ gbà mí láyè láti máa wá ní ọjọ́bọ̀ láti dà á kọ. Fóònù ni mo kọ́kọ́ fi yà á, ṣùgbọ́n tádàwá rẹ̀ ti ṣá débi pé ojú ènìyàn nìkan ni ó lè tọpa rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́. Mo ti dé ọdún 1879. Láàárín ọdún mẹ́ta yìí, ibi 41 ni mo ti bá “àgbàlagbà” ní ààyè òbí, mo sì ti ń to ibùgbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan láti mọ iye tí ó wà ní ilé ara wọn àti iye tí ó wà ní ilé onílé.