Ta Ló Ń Gba Ta Mọ́ra ní Abidjan?

Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ̀wé nípa àwọn èèyàn wa ní Abidjan yóò kọ́kọ́ bá "ìṣíkiri" pàdé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà máa ń lò fún lílọ gbé ní ìlú onílùú. Kò wọ̀ mí létí. Ẹni tó ń ṣíkiri kì í dúró lójú kan, bẹ́ẹ̀ ará Èjìgbò tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ń tajà ní àdúgbò Treichville kí Faransé tó gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1960 kò ṣí lọ síbì kankan mọ́. Aṣíwọ̀lú ni mo ń pè é. Lójú àwọn tó kù sílé, aṣíkúrò ni.

"Àtìpó" le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oko kòkó Ifẹ̀, àtìpó ń dáko, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ilẹ̀ kò sì di tirẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ní Côte d'Ivoire ní 1963, Ààrẹ Houphouët-Boigny kéde pé ẹni tó bá ro ilẹ̀ ló ni ín, àwọn ará Burkina Faso àti Mali sì rọ́ wọ inú igbó lọ gbin kòkó. Ta ló máa pe irú wọn ní àtìpó nígbà náà? Òfin December 1998 ló wá sọ pé ìjọba àti ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè ni ilẹ̀ oko. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn ará Ifẹ̀ bá wọn mu.

Ní ti Ivoirité, ìyẹn èrò ìṣèlú nípa ẹni tó jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire gan-an, tí Ààrẹ Bédié gbé lárugẹ láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn kan á ní ká pè é ní "jíjẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire". Ó ti rọ̀ jù. "Jíjẹ́ ojúlówó ọmọ onílùú" ni tèmi, torí ibi tí ojúlówó bá wà, wọ́n ti ń wá ayédèrú nìyẹn.

Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní integration ló gba ìrònú jù. Èdè wọn lè fi olùṣe pamọ́, tiwa kọ̀. Bí mo bá kọ "ìfaramọ́", àlejò ni mo gbé ẹrù lé. Bí mo bá kọ "ìgbàmọ́ra", onílé ni. Ìlànà ECOWAS ti 1979 tó jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀lú láìgba físà fún 90 ọjọ́, ìgbàmọ́ra ni. Káàdì ìgbélùú tí ìjọba Côte d'Ivoire ń gbowó lé lórí, kó tó fagi lé e fún ọmọ ECOWAS ní 2007, àfaradà gbáà ni.

Abidjan náà ni àwọn mínísítà ECOWAS ti fẹnu kò ní February 2015 láti gbógun ti ipò àwọn tí orílẹ̀-èdè kankan kò kà mọ́ ọmọ rẹ̀. "Aláìnílùú" ló kọ́kọ́ wá séèyàn lẹ́nu, irọ́ sì ni. Bi ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò Adjamé láìní ìwé ìbí léèrè ìlú rẹ̀, kíá ni yóò dárúkọ Èjìgbò, ìyá rẹ̀ á sì fi oríkì ìdílé tì í lẹ́yìn. "Aláìlórílẹ̀-èdè" ni mo ń kọ, bó tilẹ̀ gùn lẹ́nu.