Dwayne McDuffie àti Ìtàn Aláwòrán Àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà

Ìlú Detroit ni a bí Dwayne McDuffie sí ní 1962. Ohun tí ó kọminú sí nínú ìwé ìtàn aláwòrán ni pé akọni adúláwọ̀ kan ṣoṣo ni a máa ń sọ di aṣojú gbogbo ìran rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní 1993, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Milestone Media sílẹ̀, wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ akọni tí ìwà wọn yàtọ̀ síra. DC Comics ń bá wọn tẹ ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ni ìtàn. Ìwé wọn dáwọ́ dúró ní 1997. Síbẹ̀ Static, ọ̀kan nínú akọni wọn, di eré àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n láti 2000 sí 2004. McDuffie kú ní 2011. Ìbéèrè tí ó fi sílẹ̀ fún àwa olùkọ́ ni pé: ta ni ó ni ìtàn tí a ń kọ́ ọmọ?