Ìdọ̀tí Tí Ń Sọ Omi Di Mímọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Omi Ìlú Salford

Inú àpótí gíláàsì tí àwọn ọmọ wa ń sin ẹja sí ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwa Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ṣeré. Bí òwúrọ̀ Sátidé bá ti mọ́, bàbá tàbí ìyá á yọ asẹ́ omi inú àpótí ẹja náà jáde, á rí i pé fóòmù inú rẹ̀ ti pọ́n bí ilẹ̀, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Á gbé e sábẹ́ omi ẹ̀rọ gbígbóná, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí yóò fi mọ́ tónítóní. Omi inú àpótí á mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹja méjì ti léfòó, ọmọ ń sunkún, òbí sì ń sọ pé ẹja aláìsàn ni wọ́n tà fún òun.

Àìsàn kọ́ ló pa irú ẹja bẹ́ẹ̀. Fífọ̀ tí a fọ asẹ́ náà ló pa á. Bí èyí bá jọ àdììtú létí yín, ìtàn omi ìlú Salford ni yóò tú u.

Odò Irwell ni ó pààlà láàárín Salford àti Manchester. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń hun aṣọ, àwọn tí ń pa aṣọ láró àti àwọn tí ń ṣe ìwé pọ̀ létí odò náà. Inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń da ẹ̀gbin sí, ibẹ̀ náà sì ni ìgbẹ́ àti ìtọ̀ àwọn ará ìlú ń ṣàn lọ. Omi náà dúdú, ẹja kò sì lè gbé inú rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1894, Ọbabìnrin Victoria ṣí odò àgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Manchester Ship Canal. Gígùn rẹ̀ tó máìlì 36, ọkọ̀ òkun sì ń gba ojú rẹ̀ wọ èbúté Salford. Omi Irwell ni ó ń ṣàn wọ inú odò àgbẹ́ yìí, níbi tí kò ti lè yára ṣàn mọ́. Ẹ̀gbin rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó ń jẹrà, òórùn rẹ̀ sì gba ìlú kan. Ó di dandan kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí omi ìdọ̀tí kí ó tó dé odò.

Ní nǹkan bí ọdún 1893, Joseph Corbett, ẹnjiníà ìlú Salford, ń dán ọ̀nà kan wò. Ó ń fọ́n omi ìdọ̀tí sórí òkìtì òkúta àti èésán iná, kí omi máa kán gba àárín wọn kọjá. Ẹni tí ó bá wo irú òkìtì bẹ́ẹ̀ lè rò pé bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì ni òkúta ṣe ń sẹ́ omi. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, òkúta tuntun tí ó mọ́ ni ìbá ṣiṣẹ́ jù. Òdìkejì rẹ̀ ni ó rí. Òkúta tuntun kì í ṣe iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀; ó di ìgbà tí ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ń yọ̀ bá bò ó lára, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí omi tí ó ń jáde tó mọ́.

Kí ni ohun tí ń yọ̀ náà? Ilé àwọn kòkòrò àìfojúrí ni, àwọn tí a ń pè ní bakitéríà. Ní ọdún 1890, Sergei Winogradsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n bí ní ìlú Kiev, ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn kan nínú wọn. Májèlé tí ń jẹ́ amóníà máa ń jáde láti inú ìtọ̀ àti ohun tí ó ń jẹrà. Ẹgbẹ́ bakitéríà kan á sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Ẹgbẹ́ kejì á sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí ewu rẹ̀ kéré jọjọ. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà.

Davyhulme, níbi tí Manchester ti ń tún omi ìdọ̀tí tirẹ̀ ṣe, kò jìnnà sí Salford. Ní ọdún 1912, Gilbert Fowler, tí ó jẹ́ olùdámọ̀ràn fún ìlú Manchester, lọ sí Amẹ́ríkà. Ó rí i ní ìlú Lawrence pé àwọn kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ìgò omi ìdọ̀tí. Nígbà tí ó padà dé, ó ròyìn rẹ̀ fún Edward Ardern àti William Lockett. Àwọn méjèèjì bu omi ìdọ̀tí sínú ìgò, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí gbogbo amóníà inú rẹ̀ tó di náítíréètì.

Ẹlòmíràn ìbá da gbogbo rẹ̀ nù, kí ó fọ ìgò, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n rọra da omi tí ó mọ́ kúrò lókè, wọ́n fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sì bu omi ìdọ̀tí tuntun lé e lórí. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n ti ń ṣe é léraléra ni àkókò rẹ̀ ń dínkù, títí ohun tí ó gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún fi ń parí láàárín wákàtí 24. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1914, wọ́n ròyìn iṣẹ́ wọn fún àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Grand Hotel, Manchester. Wọ́n pe gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ní activated sludge. Àwa lè pè é ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ alààyè. Lọ́dún náà gan-an ni Salford dán an wò nínú ọ̀gbun ńlá. Lónìí, ìlú ńláńlá káàkiri àgbáyé ni ó ń lo ọ̀nà yìí.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń mú ògì kan, òun náà ni ó ń sọ ìyere di irú. Bí wọn kò bá ṣiṣẹ́, kò sí ẹ̀kọ, kò sí ọbẹ̀ aládùn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Davyhulme kékeré ni fóòmù inú asẹ́ ẹja yín. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ bu omi láti inú àpótí ẹja náà sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ẹ rọra fún fóòmù náà nínú rẹ̀ títí ẹ̀gbin tí ó dí i yóò fi jáde, kí ẹ sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣì pọ́n, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má lo ọṣẹ. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ, nítorí pé kiloríìnì tí wọ́n fi ń pa àrùn inú rẹ̀ kò mọ bakitéríà rere yàtọ̀ sí búburú. Ẹ má pa ẹ̀rọ náà mọ́jú, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ń mí.

Bí fóòmù bá ti gbó, ẹ pààrọ̀ ìdajì rẹ̀, kí ẹ dúró fún bí oṣù kan kí ẹ tó pààrọ̀ ìyókù, kí ti àtijọ́ lè fi irúgbìn sára tuntun. Èédú inú asẹ́ yàtọ̀ ní tirẹ̀: ó ń kún, a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti fọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó ka ìwé yìí, ẹ dín oúnjẹ ẹja kù, kí ẹ máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lójoojúmọ́, kí ẹ kọ́kọ́ fi oògùn tí ń pa kiloríìnì sínú omi tuntun.

Ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹja tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù níhìn-ín ni kribensis, ẹja kékeré tí ikùn rẹ̀ máa ń pọ́n. Odò gúúsù Nàìjíríà ni orísun rẹ̀. Ará ilé wa ni, kò yẹ kí ó kú sí wa lọ́wọ́.

Èbúté Salford kógbá wọlé ní ọdún 1982. Salford Quays ni wọ́n ń pe ibẹ̀ báyìí. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n dí àwọn ọ̀gbun rẹ̀ kúrò lára odò àgbẹ́, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi wọn, wọ́n sì kó ẹja sí i. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé báàkẹ́ẹ̀tì fún wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fún fóòmù náà, kí ẹ sì sọ ìdí tí a kì í fi í fọ gbogbo rẹ̀ tán lójọ́ kan fún wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.