Ilé, Olùtọ́jú àti Àkọsílẹ̀: Ìtọ́jú Ohun Ọnà Gbogbogbò ní Òkè-Ògùn àti Àyíká Rẹ̀

Ìfáàrà

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìtọ́jú ohun ọnà tí í ṣe ti gbogbo ìlú, ilé ńlá ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Wọ́n gbà pé bí ìjọba bá ti kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ìṣòro ti tán. Ìtàn kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé nǹkan mẹ́ta ni ó ń pa ohun ọnà mọ́: ilé tí a kó o sí, ẹni tí a fi í sí ìkáwọ́ rẹ̀, àti àkọsílẹ̀ tí ó sọ ohun tí ó jẹ́. Àwọn Yorùbá àtijọ́ mọ méjì àkọ́kọ́ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni ayé òde òní sọ di dandan, òun náà ni a sì ń fi falẹ̀ jù.

Ẹ̀kọ́ Ọ̀yọ́-Ilé

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ Òkè-Ògùn jù lọ ni Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí ahoro rẹ̀ kò jìnnà sí Ìgbẹ́tì. Hugh Clapperton dé ìlú náà ní oṣù kìíní ọdún 1826. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbẹ́ ọnà sára ilẹ̀kùn àti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Lára ohun tí ó rí ni òjòlá tí ó gbé ẹtu tàbí ẹlẹ́dẹ̀ sẹ́nu, àti ẹlẹ́ṣin tí ń kó ẹrú bọ̀ láti ojú ogun. Kò ju bí ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí ìlú fi tú.

Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn dé ahoro náà, Frank Willett ní 1956 sí 1957, Robert Soper ní àwọn ọdún 1970, àti Babatunde Agbaje-Williams tí ó parí ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí ìlú náà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1983, odi, àpáàdì àti ojú ọlọ lára àpáta ni wọ́n bá. Igi gbígbẹ́ kì í dúró de awalẹ̀pìtàn. Gbólóhùn díẹ̀ tí àlejò kan kọ sílẹ̀ ni ó jẹ́ kí a mọ̀ lónìí pé òjòlá wà lára òpó Ọ̀yọ́-Ilé rí.

Ilẹ̀ náà kò ṣàìní olùṣọ́ láti ìgbà náà wá. Ìjọba sọ igbó Ògùn Òkè di igbó ọba ní 1936, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún igbó Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941. Méjèèjì di igbó ìpamọ́ ẹranko ní 1952. Ní 1991 ni wọ́n di ọgbà ìjọba àpapọ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ṣùgbọ́n nítorí igi àti ẹran ni òfin fi kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn.

Ìtọ́jú ní Ìgbà Àtijọ́

Ilẹ̀ ọ̀dàn kò ṣojúure sí iṣẹ́ ọnà. Ọyẹ́ a máa la igi, òjò a máa mú un jẹrà, ikán a máa jẹ ẹ́ láti inú wá, iná igbó a sì máa dé lọ́dọọdún. Àwọn àgbà wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n gbé nǹkan sí àjà kí èéfín lé kòkòrò sá. Wọ́n fi osùn pa ère lára. Wọ́n sá ẹ̀kú eégún sí oòrùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n yan olùtọ́jú. Ìdílé kan tàbí àwòrò kan ni a mọ̀ mọ́ ojúbọ kọ̀ọ̀kan, bí nǹkan bá sì sọnù, a mọ ẹni tí a ó bi.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí ohun tí wọ́n ń tọ́jú gan-an. Ère ìbejì tí a ń wẹ̀, tí a ń fi osùn pa lójoojúmọ́, ojú àti imú rẹ̀ a máa pa rẹ́. Bí ère bá gbó, a ó ké sí agbẹ́gilére kí ó gbẹ́ òmíràn. Ipò ère ni wọ́n ń pa mọ́, kì í ṣe igi náà fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n ni èyí, níwọ̀n ìgbà tí olùsìn àti agbẹ́gilére bá ṣì wà. Nígbà tí ẹ̀sìn kan bá dáwọ́ dúró, ère tí ó kẹ́yìn di ẹyọ kan ṣoṣo. Bí ó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ̀sìẹ́: Ilé àti Olùtọ́jú

Àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà fi hàn bí ìgbà méjèèjì ṣe lè pàdé. Àwọn ère náà lé ní 800. Inú igbó ni wọ́n wà, lábẹ́ ìtọ́jú àwọn ará ìlú, nígbà tí H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ fún ìjọ C.M.S., ròyìn wọn fún ayé ní 1933. Ní 1945 ni a kọ́ ilé fún wọn níbẹ̀, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A kò kó wọn lọ sí Èkó. Àwòrò wọn kò gba ilé lọ, ọdún ère kò sì parẹ́. Nítorí náà, ìlú kò ka ilé ìjọba sí ilé àjèjì.

Agbára Àkọsílẹ̀

Síbẹ̀, ilé àti olùtọ́jú nìkan kò tó mọ́ nígbà tí ọjà àgbáyé ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1938 ni a hú àwọn orí bàbà ní agbo ilé Wúnmọníjẹ ní Ilé-Ifẹ̀. Méjì nínú wọn bá William Bascom lọ sí Amẹ́ríkà, wọn kò sì padà wálé títí di 1950. Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1953 àti òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ti 1979, tí ó dá àjọ àpapọ̀ tí ń ṣàkóso ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, wá láti dí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Òfin kò kúkú dí olè lọ́wọ́. Ní 1987 wọ́n fọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, orí bàbà Ifẹ̀ kan sì wà nínú ohun tí wọ́n kó. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 2017, ẹnì kan gbé orí náà dé ilé ìtajà gbàǹjo kan ní England. Nítorí pé àkọsílẹ̀ wà nípa rẹ̀, a dá a mọ̀, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ère tí kò bá ní àkọsílẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí sí i?

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ìwádìí tí ICCROM àti UNESCO ṣe ní 2011 fi hàn pé nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó wà ní yàrá ìpamọ́ káàkiri ayé ni ó wà nínú ewu. Ilé wọn kò ṣàìsí. Ohun tí ó wà nínú ilé ni a kò tò, tí a kò sì kà.

Ìkádìí

Àwọn kan lè sọ pé àkọsílẹ̀ gan-an ni yóò fi ọ̀nà han olè. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé bẹ́ẹ̀ kò fi gbọdọ̀ wà ní gbangba. Àwọn mìíràn lè bẹ̀rù pé bí ìjọba bá ti kọ orúkọ ère sílẹ̀, yóò gbà á lọ́wọ́ ìdílé tí ó ni ín. Ẹ̀sìẹ́ dáhùn èyí: a lè kà á kí a má sì gbé e kúrò níbi tí ó wà.

Nítorí náà, Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Ìgbòho àti àwọn ìlú yòókù ní Òkè-Ògùn kò ní láti dúró de ilé ńlá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwòrán, ìwọ̀n, orúkọ, ìtàn, agbẹ́gilére bí a bá mọ̀ ọ́n, àti ìdílé tí ń tọ́jú rẹ̀ ni kí a kọ sínú ìwé méjì, kí ọ̀kan wà ní ìlú, kí èkejì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ìbàdàn. Kò sí ẹni tí ó ka òpó Ọ̀yọ́-Ilé kí ìlú tó tú. Àlejò tí ń kọjá lọ ni ó bá wọn kọ díẹ̀ sílẹ̀. Kò yẹ kí ó tún rí bẹ́ẹ̀.