Á Gba Ibi Ire: Ohun Tí Èrò Ọkọ̀ Ń Jẹ àti Ohun Tí Wọ́n Ń Sọ

Lọ́dún tí mo di àgùnbánirọ̀, ìpínlẹ̀ Niger ni wọ́n gbé mi lọ. Ìwó Road n'Ìbàdàn ni mo ti wọkọ̀. Kí n tó jáde nílé, ìyá mi ti sọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta: "O ò gbọdọ̀ gba nǹkan jẹ lọ́wọ́ ẹni tó ò mọ̀ rí o." Mo ki earpiece bọ etí, mo gbé báàgì lé ẹsẹ̀, mo kọjú sí fèrèsé. Màmá kan ló jókòó tì mí, wọ́n ń lọ ra aṣọ òkè n'Ìlọrin. A ò tíì kọjá Mọ́níyà tí wọ́n ti tú ọ̀rá gúgúrú àti ẹ̀pà, wọ́n nà án sí mi.

"Ọmọ mi, wá jẹun."

Mo yọ earpiece kúrò létí kan. Mo ní, "Ẹ ṣé mà. Á gba ibi ire."

Mo rò pé wọ́n máa bínú. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. "Ìyá ẹ kọ́ ẹ dáadáa. Camp lò ń lọ, àbí?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Earpiece yẹn ò padà sí etí mi títí a fi dé Ìlọrin.

Ìrìn àjò ọjọ́ náà ló jẹ́ kí n máa ro ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ìbẹ̀rù àjèjì lójú ọ̀nà jẹ́ nǹkan ayé òde òní. Wọ́n ní ajínigbé àti one chance ló ba ọ̀nà jẹ́, pé láyé àwọn baba ńlá wa, ńṣe ni gbogbo èèyàn ń jẹun pọ̀ láìfura. Ìtàn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ti wà lọ́nà tipẹ́. Ohun tí àwọn ará àtijọ́ ní, tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa, ni ọgbọ́n tí wọ́n fi ń bá àjèjì sọ̀rọ̀ tẹ̀rù-tẹ̀rù náà.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìgbà ogun Kírìjì. Ọdún 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lọ́dún 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn jagunjagun tó tú àgọ́ ká. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀nà báyìí máa là lọ́la. Àwọn Ìjẹ̀bú lè ti ọ̀nà tó lọ sí etí òkun pa. Ẹni tó bá dá rìn, wọ́n lè jí i gbé tà. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò fi ń rìn ní ọ̀wọ́, pẹ̀lú aláàárù àti àwọn tó gbébọn, tí wọ́n sì ń sanwó fún oníbodè ní ìlú kọ̀ọ̀kan.

Oúnjẹ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Reverend Samuel Johnson, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ àlàáfíà láàárín àwọn àgọ́ ogun náà, mẹ́nu ba oúnjẹ àwọn ológun àtijọ́ nínú ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, tó jáde lọ́dún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀wà yíyan ni, àti àkàrà líle tí wọ́n fi ẹ̀wà àti àgbàdo ṣe, tí wọ́n ń pè ní àkàrà kuru. Ẹ wo ìpanu tí à ń rà ní gáréèjì lónìí, ẹ máa rí i pé mọ̀lẹ́bí àkàrà kuru ni púpọ̀ nínú wọn: kókoro, àádùn, róbó, kúlíkúlí. Kò sí èyí tó máa bàjẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò sì sí èyí tó nílò iná tàbí ṣíbí.

Èyí tó kéré jù nínú oúnjẹ ọ̀nà ni obì. Ó ń lé oorun, ó ń mú ebi dúró díẹ̀, ó sì wọ àpò. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Obì àbàtà máa ń ya sí awẹ́. Ẹni tó ni ín á là á níṣojú ẹ, á mú awẹ́ kan, á kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kó tó na ìyókù sí ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlẹ́mu ń kọ́kọ́ tọ́ ẹmu wò níwájú oníbàárà. Kò sẹ́ni tó máa la ẹnu sọ pé, "Mo ń fura sí ẹ." Àṣà ti bá wọn sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ṣé ẹ rí i? Obì àti ọfà jọ wà lára arìnrìn-àjò kan náà ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń pinnu èyí tó máa jáde.

Nígbà tí rélùwéè dé, nǹkan yí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin náà lélẹ̀ láti Ìddó lọ́dún 1896. Ó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, Òṣogbo lọ́dún 1907, Ìlọrin lọ́dún 1908, Jẹ́bà lọ́dún 1909. Láyé ọ̀wọ́, o mọ àwọn tó o bá rìn. Ó kéré tán, o mọ olórí wọn. Nínú rélùwéè, tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló so yín pọ̀. Ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan sì di ọjà. Àwọn obìnrin á gbé igbá wá, wọ́n á na ẹ̀kọ, ọsàn, ẹ̀pà àti ẹyin sísè gba ojú fèrèsé.

Ẹ kíyè sí irú oúnjẹ wọ̀nyẹn. Ewé ló bo ẹ̀kọ. Èèpo ló bo ọsàn, ẹ̀pà, ẹyin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìwọ fúnra ẹ lo máa tú u tàbí kó o bó o. Mi ò sọ pé ẹnì kan jókòó ṣètò ẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ oúnjẹ tó rọrùn láti gbà lọ́wọ́ ẹni tá ò mọ̀ ni. Rélùwéè yẹn náà ló gbé ọba búrẹ́dì wá fún wa. Amos Shackleford, ọmọ Jamaica, wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tó di 1921, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ l'Ékòó, iṣẹ́ náà sì gbèrú gan-an. Búrẹ́dì náà ṣeé ya sí méjì níṣojú ara ẹni, bí obì.

Ọ̀nà mọ́tò náà ń gbòòrò. Ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là lọ́dún 1906, wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tó yá, lọ́rì kún ọ̀nà. Àwọn káfíńtà wa ń kan ilé pákó lé ẹ̀yìn wọn, wọ́n ń to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀ kí èrò lè kọjú síra wọn. Bọ́lẹ̀kájà nìyẹn. Àwọn kan ní ìjà àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ lórí èrò ló bí orúkọ náà. Àwọn mìíràn ní bí orúnkún èrò ṣe ń gbá ara wọn ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ rò ó wò: ọ̀pọ̀ wákàtí, ojú ẹ sí ojú ẹni tó ò mọ̀. O ò lè ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. O máa kí i ni. "Ẹ kú ìjókòó o. Ibo lẹ̀ ń lọ?" Kì í ṣe orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, kì í ṣe iye ọmọ, kì í ṣe iye tó wà lápò. Ìlú ni. Orúkọ ìlú ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ nínú ẹ̀.

Oúnjẹ náà ń ran ọ̀rọ̀ ìlú lọ́wọ́. Tí ọkọ̀ bá dé Ìkirè, dòdò Ìkirè tó dúdú, tó ta lẹ́nu, á dá ìjiyàn sílẹ̀. Tí wọ́n bá dé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, wàrà àwọn obìnrin Fúlàní á yọjú. Kí ẹnì kan sì ṣáà bú gàárì Ìjẹ̀bú pé ó kan jù, ará Ìjẹ̀bú kan á dáhùn láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjókòó tún yí padà. Lọ́dún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bọ́ọ̀sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bọ́lẹ̀kájà, gbogbo wa sì kọjú síwájú: ìpàkọ́ ẹlòmíì là ń wò. Gala, tí UAC gbé jáde lọ́dún 1962, di oúnjẹ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa wá ń ṣe iṣẹ́ tí ewé àti èèpo ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ló wà: ìwọ̀n ẹnì kan ni. O rà á, o ya á, o jẹ ẹ́, ó tán. Lọ́dún 2021, rélùwéè tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Ó yára, ó tutù, àmọ́ igbá ẹlẹ́kọ ò lè gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé.

Mi ò ní ká padà sínú bọ́lẹ̀kájà o. Mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ máa gba oúnjẹ àjèjì jẹ. Ìyá mi mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọdún 1973 ni wọ́n dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nítorí kí ọmọ ìhà kan lè mọ ọmọ ìhà kejì. Tá a bá wá jókòó ti ara wa fún wákàtí mẹ́wàá láìsọ nǹkan kan, a ti pàdánù nínú ohun tí wọ́n rán wa kí a tó wọ khaki.

Ọgbọ́n tá a nílò ò sì jìnnà, ẹnu wa ló wà. Ẹni tó ń jẹun gbọ́dọ̀ sọ pé "Ẹ wá jẹun"; tí kò bá sọ ọ́, wọ́n á ní ahun ni. Ẹni tí wọ́n pè ò gbọdọ̀ dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò di dandan kó jẹ ẹ́. Á ní "Á gba ibi ire," ìyẹn ni pé kí oúnjẹ náà gba ibi rere lọ lára yín. Ó kọ oúnjẹ, ó sì fi àdúrà kọ ọ́. Ẹni tó pè é ti ṣe ojúṣe ẹ̀, ẹni tó kọ̀ ti súre, ojú ò ti ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ní kí n má gbà á. Wọn ò ní kí n má dáhùn.

Nígbà tá a dé Ògbómọ̀ṣọ́, màmá ra wàrà tiwọn, mo ra tèmi, nínú igbá kan náà. A jọ jẹ ẹ́. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá etù mọ̀ yàtọ̀ sí sányán àti àlàárì. Èmi náà sọ fún wọn pé ẹ̀rù camp ń bà mí, ohun tí mi ò lè sọ nílé. Ìlọrin ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ." Mi ò mọ orúkọ wọn títí dòní.

Ọmọkùnrin kan gba àyè wọn, earpiece wà létí ẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kúrò, mo ra ẹ̀pà sísè tó ṣì wà nínú èèpo. Mo nà án sí i.

"Wá jẹun."

Ó yọ earpiece kúrò létí kan. "Ó ṣé. Á gba ibi ire."

Mo ní, "Camp lò ń lọ, àbí?"